Ọjọ́ wo ló ṣẹlẹ̀? Bí a ṣe ń múra ọmọ sílẹ̀ fún ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ lórí ohun tó ń lọ nílùú

  

Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Àwọn òbí mélòó kan ti bi mí pé: “Sà, ilé ìwé fẹ́ mú ọmọ mi lọ síbi ìdíje impromptu. Kí ni kí n ṣe fún un?” Ìdáhùn mi gùn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ya ètò òní sọ́tọ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Nínú ìdíje yìí, ọmọ kì í há ọ̀rọ̀ sórí láti ilé wá. Yóò fa ìwé pélébé kan nínú àpò, ìbéèrè á sì wà lórí rẹ̀ nípa ohun tó ń lọ ní Nàìjíríà: epo, iná, owó oṣù, ilé ìwé, ọ̀nà. Wọ́n á fún un láyè díẹ̀ láti ronú, lẹ́yìn náà yóò dìde sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ìdíje yìí ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ìbéèrè mẹ́ta ni ọmọ máa ń fà, yóò mú ọ̀kan nínú wọn, yóò fi 30 ìṣẹ́jú múra, yóò sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 7. Wọ́n tilẹ̀ pín in sí méjì, ti ọ̀rọ̀ abẹ́lé àti ti òkè òkun. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, àyè kì í tó bẹ́ẹ̀. Nínú kíláàsì tí mò ń ṣe ní Agége lọ́jọọjọ́ Sátidé, ìṣẹ́jú 10 ni mo ń fún wọn láti múra, ìṣẹ́jú 4 láti sọ̀rọ̀.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín.

Mo ní ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì yẹn. SS2 ló wà nígbà náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún mọ́kànlá nínú iléeṣẹ́ kan ní agbègbè Ìkẹjà kí wọ́n tó dá a dúró. Ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ohùn rẹ̀ já gaara, ojú kì í tì í. Lọ́jọ́ ìdíje, ìbéèrè tó fà ni pé: ṣé ó tọ́ kí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù? Inú mi dùn. Mo ní, ọmọ ti bọ́ sójú agbami tó mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Ó dìde, ó ní: “Ẹ wo bàbá mi. Ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo, iléeṣẹ́ wọn kò lè ra dísẹ́ẹ̀lì mọ́, wọ́n sì dá bàbá mi dúró.” Gbogbo gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ìyá kan tó jókòó tì mí ń nu ojú.

Nígbà tó parí, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ rọra bi í pé: “Ọmọ mi, oṣù wo ni wọ́n dá bàbá rẹ dúró?” Ó dáhùn kíá: “Oṣù kejì ọdún 2023, sà.” Adájọ́ ní: “Ọjọ́ wo wá ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo?”

Ọmọ dákẹ́.

Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni, lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní Eagle Square, Àbújá. Bàbá ọmọ yìí ti wà nílé fún oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó dé. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí adájọ́ kò tilẹ̀ mẹ́nu bà: bẹntiróòlù ni owó ìrànwọ́ yẹn wà fún. Dísẹ́ẹ̀lì kò sí lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, iye tí ọjà bá pè é ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń rà á.

Ọmọ náà kò parọ́ o. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé àti ládùúgbò ló gbà gbọ́. Ẹ̀bi yẹn, tèmi ni. Mo ti kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé ohùn sókè àti bí a ṣe ń wo ojú àwọn èèyàn. Mi ò kọ́ ọ pé kó béèrè ọjọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti yí bí mo ṣe ń kọ́ wọn padà. Ẹ jẹ́ kí n to ohun tí à ń ṣe báyìí lẹ́sẹẹsẹ.

Àkọ́kọ́, ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí kò fi ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ìròyìn kan bá jáde, ohun márùn-ún ni yóò kọ: kí ló ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo, ta ló ṣe é, iye wo, ta ló sọ ọ́. Bí ọ̀kan bá ṣófo, kò gbọ́dọ̀ lo ìròyìn náà lórí pèpéle títí yóò fi rí i kún. Èyí ló ń gbà wá lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ WhatsApp, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ní ọjọ́, kì í sì í ní ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ. Epo: kí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tó parí, àwọn ilé epo NNPC l'Ékòó gbé lítà bẹntiróòlù láti iye tí kò tó 200 náírà lọ sí 488. Owó oṣù: òfin tó sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ di 30,000 náírà, oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n buwọ́ lù ú, èyí tó sọ ọ́ di 70,000, ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 2024 ni. Iná: ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni àjọ NERC kéde pé àwọn oníbàárà Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán 20 wákàtí lóòjọ́, yóò máa san 225 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan, dípò 68. Àwọn tó kù kò sí nínú ìkéde ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, bí ọmọ bá dìde tó ní “wọ́n ti sọ owó iná gbogbo ọmọ Nàìjíríà di ìlọ́po mẹ́ta”, ó ti ṣìnà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa, ojúlé iwájú wà lórí Band A, ti ẹ̀yìn kò sì sí lórí rẹ̀.

Èkejì, kí ọmọ mọ ohun tí iye náà ń wọ̀n. Ibí yìí ló ti ń gbé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣubú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, NBS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò nǹkan wọ̀nyí, ní ọ̀wọ́ngógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ní ó ti di 24.48. Ọmọ tó bá ka èyí lóréfèé á ní: “Láàárín oṣù kan ṣoṣo, nǹkan ti rọ̀ gan-an.” Kí ẹ bi ìyá rẹ̀ tó ń lọ sọ́jà bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé NBS yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n padà láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún iye tí oúnjẹ àti àwọn nǹkan mìíràn ń kó nínú ìṣirò náà ṣe. Ó dà bí ìgbà tí alátà bá pààrọ̀ kóńgò tó fi ń wọn gààrí. O kò lè mú iye ti kóńgò àná kí o fi wé ti òní bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo sì máa ń ṣọ́ wọn létí pé kódà bí ọ̀wọ́ngógó bá dínkù lóòótọ́, ìyẹn ò ní kí owó ọjà wálẹ̀. Ó kàn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, ta ló ni iṣẹ́ náà? Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn kí wọ́n máa di gbogbo ẹrù lé orí Ààrẹ. Gọ́tà tó kún ní Agége, Ààrẹ. Ọjà tó dọ̀tí, Ààrẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin ọdún 1999, gọ́tà, ọjà, ibùdókọ̀ àti ilẹ̀ kíkó wà lára iṣẹ́ kánsù. Ọmọ tó mọ èyí, tó tún mọ̀ pé ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, ó ti ní ohun tó lè sọ ju ẹ̀sùn lọ.

Reluwé Agége ni mo fi máa ń kọ́ wọn ní èyí. Ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ìbàdàn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Red Line tó ń gbé èèyàn láti Agbádó dé Ọ̀yìngbò, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Àwọn méjèèjì ló ń gba Agége kọjá. Bí ọmọ bá fẹ́ yin ẹnìkan tàbí kó bú u lórí reluwé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo nínú méjèèjì ló ń sọ.

Ẹ̀kẹrin, ìṣẹ́jú tó ní láti fi múra. Nínú ìṣẹ́jú 10, méjì àkọ́kọ́ ni yóò fi ka ìbéèrè dáadáa, tí yóò sì mú ìdáhùn kan. Márùn-ún ni yóò fi wá ìdí méjì, kí ìdí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí kan tó ní ọjọ́. Méjì ni yóò fi ronú nípa ohun tí ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ máa sọ, nítorí ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo kì í jẹ́ ká mọ òótọ́. Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, gbólóhùn àkọ́kọ́. Gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè. Kó má máa kí alága, kí adájọ́, kí olùdarí àkókò títí ìṣẹ́jú kan á fi lọ.

Ohun kan tún wà: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà ń fi ṣe ìdíje, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Lọ ṣàlàyé Band A fún ìyá rẹ ní ìsọ̀. Bí kò bá yé e, kò tíì yé ìwọ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin yẹn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìdíje, mo rò pé kò ní wá. Ó wá. Ó ní: “Sà, mo bi dádì mi.” Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá bàbá òun dúró, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, gbogbo ilé kàn ń yẹra fún ọ̀rọ̀ náà ni. Bàbá ní kì í ṣe epo. Ìgbà tí owó tuntun wọ́n ni. Ẹ ó rántí: Báńkì Àpapọ̀ ní kí a má ná 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí a máa ná wọn dé ìparí ọdún. Bàbá ní owó ọwọ́ ni àwọn tó ń ra ọjà wọn fi ń rà á. Owó kò sí, ọjà kún ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ní kí àwọn kan lọ sílé.

Ọmọ náà ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Níbi tí a ti ń kọ “ta ló sọ ọ́”, ó kọ: Dádì mi. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi kún un: iléeṣẹ́ kan péré.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn dùn mọ́ mi ju ife ẹ̀yẹ lọ. Ó ti mọ̀ pé ìrora bàbá òun jẹ́ ẹ̀rí, ó sì ti mọ ibi tí ẹ̀rí náà dé. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo. GSK kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́. Pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òmíràn kò tíì sọ pé òun ló fà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn kò lè jẹ́ òun ló fa èyí tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

Nínú ìdíje tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ owó iná ló fà. Adájọ́ kan bi í ní iye kan tí kò sí nínú ìwé rẹ̀. Ó ní: “Mi ò mọ̀ ọ́n, sà, mi ò sì fẹ́ méfò.” Ipò kẹta ló mú. Bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tí mo ní fún yín kò gba owó. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn pẹ̀lú ọmọ yín lálẹ́ òní, ẹ bi í ní mẹ́ta péré: ọjọ́ wo ni? Ta ló ṣe é? Ta ló sọ ọ́? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ wá a. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni ìròyìn náà kàn, bíi bàbá ọmọ yìí, ẹ jókòó kí ẹ sọ bó ṣe rí gan-an fún un, kó má lọ máa gbọ́ ọ lẹ́nu aráàta.