Gìtá Àtijọ́: Kí Ni Ká Tún Ṣe, Kí Ni Ká Fi Sílẹ̀?

Ọ̀ràn kan wọlé tọ̀ wá láìpẹ́ yìí tí a rò pé ó yẹ kí a bá yín sọ. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n wa olóògbé fi sílẹ̀ gbé gìtá oníná tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣeré jùjú wá síwájú wa. Okùn rẹ̀ ti dípẹtà, ohùn rẹ̀ sì ń ta bí ẹ̀pà inú agbada. Ọmọ náà ti ra ọ̀dà pupa sílẹ̀. Ó ní òun yóò ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, òun yóò sì pààrọ̀ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. A ní kí ó mú sùúrù ná, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Láti nǹkan bí ọdún 1949 tí Ayinde Bakare ti mú gìtá oníná wọ inú orin jùjú, irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí lè kan ilé tiyín pẹ̀lú.

Kò sí àní-àní pé pípààrọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Gìtá Stratocaster tí ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1954, ìṣó tí a ń yí ni wọ́n fi de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Ní ọdún 1970, Eric Clapton, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra mẹ́fà àlòkù ní Nashville. Ó fi mẹ́ta ta àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ. Nínú mẹ́ta yòókù ni ó ti ṣa èyí tí ó dára jù, tí ó sì tò wọ́n di gìtá dúdú kan ṣoṣo tí ó ń pè ní Blackie. Nígbà tí wọ́n lù ú ní gbànjo ní New York ní ọdún 2004, 959,500 dọ́là ni ó pa. Ilé ìtọ́jú àwọn tí ọtí àti oògùn olóró ti dè, ní erékùṣù Antigua, ni owó náà wà fún. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò kùn ún ní ọ̀dà tuntun kí wọ́n tó tà á. Bí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ti jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe tà á.

Lábẹ́ okùn irin gìtá oníná ni òòfà wà, tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ín-rín wé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá gbọ̀n, iná díẹ̀ a ṣàn nínú wáyà náà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè a sì sọ ọ́ di ohùn. Ẹni tí ó bá sọ èyí nù, ohùn tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó sọ nù.

A gbé gìtá náà tọ oníṣẹ́ ọwọ́ kan lọ. Òòfà kò ní àrùn kankan. Eruku inú kókó tí a fi ń yí ohùn ni ó ń ta. Ó fín oògùn sí i, ó yí i síwá-sẹ́yìn, ó sì dákẹ́. Ó fi òjé jó wáyà tí ó ti já. Ọrùn ti tẹ̀. Ó yí irin gígùn inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tọ́. Ọmọ náà fẹ́ èèkàn tuntun láti máa fi fa okùn le. A gbà fún un, nítorí ihò àtijọ́ gbà wọ́n láìlu òmíràn. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ sì wà nínú àpò. Ìmọ̀ràn wa nìyí: ohun tí ó ṣeé dá padà ni kí ẹ yí, èyí tí kò ṣeé dá padà, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó wá ku ọ̀dà. Ní etí òkè ara gìtá náà, igi ti hàn níbi tí apá bàbá rẹ̀ máa ń fara lé. Ọmọ náà rò pé àbùkù ni. A ní kí ó gbé apá tirẹ̀ lé e. Ó gbé e lé e, ó sì bá ibẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Kò tún dárúkọ ọ̀dà mọ́.

Ọ̀dà pupa náà kò kúkú ṣòfò: àpótí gìtá ni ó fi kùn.