Igi Birch àti Ẹnu Yíyún
Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, igi birch kò sí nínú igbó Ìjẹ̀bú-Igbó. Ilẹ̀ olótùútù bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń hù. Purotéènì Bet v 1, tí àwọn onímọ̀ ìlú Vienna ṣàlàyé ìṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1989, wà nínú lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri. Ara ẹlòmíràn a kà á sí ọ̀tá, a sì pèsè ohun ìjà dè é. Ápù ní purotéènì tí ó jọ ọ́. Nítorí náà ohun ìjà kan náà a dìde sí i, ẹnu a sì yún. Bí a bá se ápù náà, iná a ba purotéènì yìí jẹ́.

Nítorí náà, bí ẹnu ará wa kan ní London bá ń yún nígbà tí ó jẹ ápù tí kò ṣe é ní nǹkan tẹ́lẹ̀, kí a má ṣe yára pè é ní àsàsí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀fun bá wú, kí ó tètè tọ dókítà lọ.