Kí ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ yín

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé wa ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ní Àjàṣẹ́. Mọ́tò rẹ̀ nìkan ju 300 kílò lọ. Wọ́n gba ọkọ̀ kékeré kan tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn, kí ó gbé e wá sí agbègbè Kétu. Iye owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n bá awakọ̀ sọ.

Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n gbé mọ́tò sí nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù náà. Kí wọ́n tó dé Pọ́bẹ̀, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún, jù sósì. Okùn já, mọ́tò ṣubú, ìdí rẹ̀ sì là. Awakọ̀ ní ẹrù ló wúwo jù. Àwọn ìyá ní okùn ni kò dára. Wọ́n pè mí kí n wá là wọ́n. Ìwé wo ni mo fẹ́ kà? Wọn kò kọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbé ẹrù sí òkè ibi tí táyà wà, kí ó sún síwájú díẹ̀. Ẹ má ṣe dá mọ́tò dùbúlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fa epo inú rẹ̀ jáde. Ìdí irin rẹ̀ ni kí ẹ so okùn mọ́, kì í ṣe páìpù epo. Bí ọkọ̀ bá rìn díẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ tún okùn fà. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí ẹrù.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, ẹ kọ ìwé méjì: iye owó, ẹni tí yóò san owó àwọn agbẹ́rù, ẹni tí yóò tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Ẹ san ìdajì, kí ìyókù di ìgbà tí ẹ bá rí ẹ̀rọ nílé.

Ìyá alága ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀ báyìí. Ó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń jó irin.