Bí Fáànù Laptop Bá Dákẹ́ Ní Ìlú Eruku Pupa

Erùpẹ̀ Ìtagúnmódì kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀. Lọ́dún 1962, nígbà tí Smyth àti Montgomery tẹ ìwé wọn jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi pe ọ̀kan nínú irú ilẹ̀ tí wọ́n rí: ilẹ̀ pupa fòò, alámọ̀, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Agbègbè yẹn náà, ní Atakúnmọ́sà Ìwọ̀-Oòrùn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni àwọn awakùsà ti ń wa góòlù. Bí òjò bá ti dá, tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń sáré lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, eruku á gbéra. Á bà sórí òrùlé, á bà sórí aṣọ tí wọ́n sá, á sì wọ inú laptop tó wà lórí tábìlì.

Fáànù ni eruku yìí máa ń kọ́kọ́ bá jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta, ọyẹ́ á tún gbé tirẹ̀ dé láti Sàhárà. Ọ̀rọ̀ náà sì kan ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí laptop ti kúrò ní nǹkan olówó nìkan. Láti ọdún 2015 tí JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ti gbé gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ọmọ oko àti ọmọ ìlú ló ń wá èyí tí wọn yóò fi kọ́ṣẹ́. Tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú èyí tó wà nílẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan lókè òkun kó tó dé ọjà Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà.

Iṣẹ́ fáànù kò ṣòro láti yéni. Processor, tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa ń gbóná bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Páìpù bàbà pẹlẹbẹ kan ń gbé ooru náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà. Fáànù á fa afẹ́fẹ́ wọlé, á fẹ́ ẹ gba àárín àwọn irin náà, ooru á sì bá a jáde. Bí fáànù bá dúró, ooru kò rọ́nà lọ. Processor á kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀; ìyẹn ló ń mú kí laptop máa lọ́ra. Bí ooru bá dé nǹkan bí ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ̀rọ á kú fúnra rẹ̀, bí bátìrì tilẹ̀ kún.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo fáànù tó dákẹ́ ló bàjẹ́. Bí ẹ̀rọ bá tutù, ọ̀pọ̀ laptop a máa dá fáànù dúró. MacBook Air tí Apple gbé jáde ní ìparí ọdún 2020 kò tilẹ̀ ní fáànù rárá. Láti mọ èyí tó bàjẹ́, kí onílaptop fún ẹ̀rọ ní iṣẹ́ tó wúwo, bíi fídíò mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Bí atẹ́gùn gbígbóná bá ń kàn án lọ́wọ́, fáànù ń ṣiṣẹ́. Bí ara ẹ̀rọ bá gbóná tí atẹ́gùn kò sì sí, wàhálà wà níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á sọ ohun tó ń ṣe é. ThinkPad á kọ “Fan error” sójú bí wọ́n bá tàn án. HP á kọ 90B. Títẹ F2 lórí HP tàbí F12 lórí Dell bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn máa ń ṣí àyẹ̀wò tó lè dán fáànù wò. Bí fáànù bá yí nínú àyẹ̀wò ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti yí nínú Windows, ètò inú kọ̀ǹpútà ló yẹ kí wọ́n fura sí. Bó bá sì di pé wọ́n fẹ́ sọ BIOS, ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà, dọ̀tun, kí bátìrì kún, kí ṣájà wà lára rẹ̀, kí iná sì dájú, nítorí bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ náà, laptop lè má tàn mọ́.

Lẹ́yìn èyí ló kan títú. Kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n yọ ṣájà, kí wọ́n sì já bátìrì kí ọwọ́ tó kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Ibi tí ìdọ̀tí pọ̀ sí jù kì í hàn láti ìta: àárín fáànù àti àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Níbẹ̀ ni eruku, òwú àti irun ti máa ń dì pọ̀ bí aṣọ ìbora. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló yẹ kó kó o kúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ lo bílówà, kí wọ́n fi ìka di fáànù mú kó má yí, torí eré àsápajúdé lè bà á jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ ń bá èémí jáde.

Kí wọ́n wá fi ìka yí fáànù. Bó bá le, tàbí tó ń ha, bẹ́árìn ìdí rẹ̀ ti jẹ. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán kan lè mú un yí fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ òróró ìdáná kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bó bá ń yí wẹ́rẹ́, kí wọ́n wo orí wáyà rẹ̀ bóyá ó ti yọ. Ẹni tó ní mítà lè dá bátìrì padà, kó tan ẹ̀rọ, kó sì wọn iná tó ń dé ibẹ̀. 5 volts ni fáànù laptop púpọ̀ ń lò. Bí iná bá dé tí fáànù kò yí, fáànù ló kú. Bí iná kò bá dé rárá, bọ́ọ̀dù ló ní àrùn, iṣẹ́ ẹnjiníà sì nìyẹn.

Fífi ojú wò nìkan kò tó láti ra fáànù tuntun. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn èyí tó kú ni kí wọ́n fi rà á, torí wáyà mẹ́ta ni ti òmíràn, mẹ́rin ni ti òmíràn. Bí wọ́n bá ṣí páìpù bàbà kúrò lórí processor, kí wọ́n nu thermal paste àtijọ́, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tó ń gbé ooru bọ́ sára páìpù náà, kúrò, kí wọ́n fi tuntun sí i. Ọṣẹ ìfọyín tí àwọn kan ń lò dípò rẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ.

Ẹ̀yin oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìtagúnmódì dé Òṣú àti Iléṣà, ẹ má ṣe lo laptop lórí fóòmù tàbí ìrọ̀rí, tí ń dí ihò afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọn eruku inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ọyẹ́ tó dé, àti lẹ́ẹ̀kan bí ọyẹ́ bá lọ. Bí fáànù bá sì ti dákẹ́, ẹ yára ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibòmíràn, kí ẹ pa laptop náà títí ẹ ó fi tún un ṣe. Fáànù kò wọ́n tó bọ́ọ̀dù.