Ẹni tó ń sùn ní Ògùn, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó: ìpínlẹ̀ wo ló ni owó orí rẹ̀?

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jáde ní Àgbádó. Àwọn kan ń lọ sí iléeṣẹ́ ní Ọba Akran n'Íkẹjà, àwọn kan ń lọ sí ọjà Agége. Tó bá di alẹ́, wọ́n á padà wá sùn.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kún ayé. Ẹ bi àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Dartford lẹ́gbẹ̀ẹ́ London: iṣẹ́ wà lọ́hùn-ún, ilé wà níhìn-ín. Tiwa ni Àgbádó, Ìjòkó, Sàngó Ọ̀tà, Mowé àti Ìbafọ̀. Owó ilé tó wọ́n l'Ékòó ló lé ọ̀pọ̀ débẹ̀.

Ààlà yìí ò pẹ́ rárá. Láti 1901 ni rélùwéè ti ń gba Agége lọ sí Ìbàdàn. Ìkẹjà, Agége àti Ọ̀tà, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kan náà ni gbogbo wọn wà títí di 1967, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn dé ní 1976. Kódà, Àgbádó fúnra rẹ̀, apá kan wà l'Ékòó, apá kan wà ní Ògùn.

Ní October 2024, ọkọ̀ ojú irin Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Àgbádó dé Oyìngbò, kìlómítà 27. Ìrìn àjò rọrùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí ńkọ́?

Òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí iléeṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá ń gbé ní Ògùn, Ògùn ló yẹ kí ọ̀gá yín san án fún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àdírẹ́sì bùọ̀dá yín l'Ágége lẹ kọ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gba iṣẹ́, Èkó lowó náà ń lọ. Ọ̀nà tó bàjẹ́ níwájú ilé yín ò sì ní rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Lóṣù yìí, ẹ bi àwọn tó ń ṣètò owó oṣù: "Àdírẹ́sì wo lẹ ní fún mi?" Tí kò bá tọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n yí i. Mi ò ní wọ́n á da ọ̀dà sójú títì yín lọ́la o. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ̀wé sí ìjọba Ògùn nítorí ọ̀nà, ẹ ó lè sọ pé owó yín wà lọ́wọ́ wọn.