Dishonored: Géèmù Tí Kò Jẹ́ Kí Àwọn Tó Ń Gbá A Sọ Ohùn Kan

Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ kan níwájú tẹlifíṣọ̀n, tó ń darí ọkùnrin kan tó lúgọ sẹ́yìn àgbá, tí kò sá, tí kò jà, ẹ má rò pé géèmù náà ti dúró. Iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Ọ̀dọ́ yẹn ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ṣọ́, ó ń wo ibi tí iná kò dé, ó ń retí ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ máa kọ̀yìn sí i. Géèmù ìyọ́rìn nìyẹn. Ó fi díẹ̀ jọ bojúbojú tí a ṣe ní kékeré, torí pé ẹni tí wọn ò rí ló borí. Àmọ́ nínú bojúbojú, tí wọ́n bá ti rí yín, eré ti parí. Nínú géèmù ìyọ́rìn, tí wọ́n bá rí yín, idà ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin lẹ sì máa pinnu bóyá kí ẹ lò ó. Ibẹ̀ gan-an ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Géèmù tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ni Dishonored. Ilé-iṣẹ́ Arkane Studios ní ìlú Lyon, lórílẹ̀-èdè Faransé, ló ṣe é, Bethesda sì gbé e jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2012. Raphaël Colantonio àti Harvey Smith ló jọ darí iṣẹ́ náà. Viktor Antonov, ọmọ ilẹ̀ Bulgaria tó ti ṣiṣẹ́ lórí Half-Life 2 ṣáájú, ló ṣíwájú nínú yíya Dunwall, ìlú tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Dunwall fara jọ London ayé àtijọ́: èéfín bo ojú ọ̀run, odò rẹ̀ dọ̀tí, òróró ẹja àbùùbùtán ni wọ́n sì fi ń tanná tí wọ́n fi ń lo ẹ̀rọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, àjọ BAFTA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ géèmù tó dára jù lọ.

Corvo Attano lẹ máa darí. Òun ni ẹ̀ṣọ́ Ọbabìnrin Jessamine Kaldwin. Wọ́n pa ọbabìnrin níṣojú rẹ̀, wọ́n jí Emily ọmọ ọbabìnrin gbé lọ, wọ́n sì di ẹ̀bi ikú náà ru Corvo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà lẹ́wọ̀n, ó sá jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà kiri lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti gba ìlú kan. Ẹ̀dá abàmì kan tí wọ́n ń pè ní Outsider wá fún un lágbára. Èyí tí wọ́n ń pè ní Blink, egbé pọ́ńbélé ni: ẹ óò wà lórí òrùlé kan, kí ojú tó ṣẹ́, ẹ ti wà lórí èkejì. Òmíràn á jẹ́ kí ẹ wọ inú eku tàbí ẹja, kí ẹ gba ojú ihò kọjá. Òmíràn á dá àkókò dúró.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ ni pé géèmù yìí ń ṣírò iye èèyàn tí ẹ bá pa. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má pa wọ́n o. Kódà, tí ẹ bá pa ìwọ̀nba díẹ̀, kò sí ohun ńlá tó máa yí padà. Àmọ́ tí òkú bá ti pọ̀, eku á rí oúnjẹ, eku á pọ̀ sí i, àrùn náà á ràn ká. Àwọn alárùn tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú wọn á kún ojú pópó, ẹ̀ṣọ́ á pọ̀ níbi tí wọn ò ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwòrán tí Emily kékeré ń yà á di àwòrán ìbẹ̀rù. Samuel, baba tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé yín kiri, lè bínú sí yín débi pé á yìnbọn sókè kí àwọn ọ̀tá lè mọ̀ pé ẹ ti dé. Ìparí ìtàn náà á sì burú ju bó ṣe yẹ kó rí lọ.

Àwọn kan tó gbá géèmù náà sọ pé ìyẹn ò dáa. Ẹ wo ohun ìjà tí wọ́n kó fún Corvo: idà, ìbọn, ọfà oníná, bọ́ǹbù, pàkúté onírin, agbo eku tó lè pè jáde kó jẹ ọ̀tá run. Tí ẹ ò bá wá fẹ́ pààyàn ńkọ́? Ọ̀nà méjì ló gbòógì: kí ẹ yọ́ dé ẹ̀yìn ẹ̀ṣọ́ kí ẹ fún un lọ́rùn títí á fi dákú, tàbí kí ẹ ta á ní ọfà olóògùn oorun. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ kí ìtàn náà parí sí rere á gbá gbogbo géèmù náà láìfọwọ́ kan ọ̀pọ̀ ohun tó dùn jù nínú rẹ̀, ẹni tó bá sì lò wọ́n, géèmù tó kó wọn fún un náà ló máa bá a wí.

Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Wọ́n ní nínú ọ̀pọ̀ géèmù, ẹ lè pa ọgọ́rùn-ún èèyàn kí ayé máa lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, pé ohun tó mú Dishonored yàtọ̀ ni pé ìlú náà rántí. Wọ́n tún ní ẹni tó pààyàn kò pàdánù nǹkan kan: ìtàn tirẹ̀ náà pé, ó kàn korò ni.

Lójú tèmi, ẹ̀yìn àwọn kejì yìí ni mo wà, ṣùgbọ́n mi ò ní fi òótọ́ àwọn àkọ́kọ́ du wọ́n. Ohun ìjà ìpakúpa pọ̀ ju ọ̀nà ìdásí lọ lóòótọ́, àléébù iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn. Àmọ́ ká ní wọ́n yọ ìṣirò yẹn kúrò, ìyọ́rìn á di àṣehàn lásán. Ìdí tí ọkàn yín fi ń lù kìkì lẹ́yìn àgbá yẹn ni pé ohun tí ẹ bá ṣe tẹ̀lé e máa ní àbájáde.

Ibi tí mo ti bá ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá géèmù náà gbà láìjanpata ni ọ̀rọ̀ Ìyáàfin Boyle, ọ̀kan nínú àwọn tí Corvo ń wá kiri. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta ń ṣe àríyá nílé wọn, gbogbo wọn da ìbòjú. Ẹ ní láti tọpinpin kí ẹ tó mọ èwo nínú wọn lẹ wá bá, ẹni náà sì lè yàtọ̀ nígbà tí ẹ bá tún un gbá. Tí ẹ ò bá fẹ́ pa á, ọkùnrin kan tó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ní kí ẹ mú un dákú kí ẹ gbé e fún òun, kí òun gbé e lọ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní rí i mọ́. Géèmù kà á sí àánú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbá a ní ikú yá ju ìyẹn lọ, wọ́n sì jàre. Ẹ wá fi wé ti Hiram Burrows, olórí àwọn ọlọ̀tẹ̀: ẹ lè gbé ohùn rẹ̀ tó ti gbà sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí gbogbo ayé gbọ́ ìwà ìkà rẹ̀ láti ẹnu òun fúnra rẹ̀. Ìdájọ́ òdodo nìyẹn. Àìpànìyàn nìkan kì í sọ ọwọ́ ẹni di mímọ́, àríwísí yìí sì ni mo kà sí èyí tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Ní ti ohun ìjà tó pọ̀ ju ọ̀nà ìdásí lọ, àwọn tó ṣe géèmù náà ṣàtúnṣe. Nínú Dishonored 2, tó jáde lọ́dún 2016, ọ̀nà ìdásí pọ̀ sí i gan-an. Emily ti dàgbà níbẹ̀, ó sì ní agbára tó lè so àwọn ẹ̀ṣọ́ pọ̀, kó jẹ́ pé tí ọ̀kan bá dákú, gbogbo wọn á dákú. Ẹni tó bá fẹ́ tún lè kọ agbára Outsider sílẹ̀ pátápátá. Nígbà tó di ọdún 2017, nínú Death of the Outsider, géèmù tó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ ìṣirò iye èèyàn tí ẹ bá pa yẹn kúrò.

Tí ẹ bá fẹ́ gbá a, ìmọ̀ràn mi rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má lé àmì-ẹ̀yẹ Ghost tí wọ́n ń fún ẹni tẹ́nikẹ́ni ò rí. Àwọn tó ń lé e ló máa ń padà sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ bá ṣíjú wò wọ́n, adùn á sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Tí wọ́n bá rí yín, ẹ sá gun òrùlé, kí ìtàn máa lọ. Kí ẹ̀yin òbí sì mọ̀ pé ẹni ọdún 18 sókè ni àjọ PEGI ti ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí pé kó gbá a. Ẹ má rà á fún ọmọdé.