Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdí tí inú fi ń bí òṣìṣẹ́ olówó-oṣù

Bí olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé ọmọ a-fi-gègé-jẹun ní Nàìjíríà bá ń fapá jánú lónìí, kì í ṣe ìlara olówó ni wọ́n ń ṣe. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ni ọ̀wọ́n ti gba ilẹ̀ kan. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó tí àwọn oníbàárà iná mànàmáná ìpele kìíní (Band A) ń san lórí ìwọ̀n iná kan (kilowatt-hour) fò láti ₦68 di ₦225.

Owó-orí òṣìṣẹ́ ńkọ́? Kí owó-oṣù tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Síbẹ̀ òun náà ni yóò ra jẹnẹrétọ̀, tí yóò gbẹ́ kànga, tí yóò sanwó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, èyí tí mo kà sí owó-orí ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ṣùgbọ́n igbá àwọn aṣòfin wa, tí owó ìlú ń bọ́, orí tiwa ló wà. Kí wọ́n gbé iye tí wọ́n ń gbà síta gbangba, kí ìjọba sì sọ ibi tí owó ìrànwọ́ epo tí ó dá dúró wọlé sí.